Ọ̀rẹ́ Ẹgbẹ́ Kan

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi.
Kò sẹ́ni tó fà á lé mi lọ́wọ́,
ó kàn ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́ ni,
bí ìgbà tí àgbà bá sùn lọ
tí abẹ̀bẹ̀ ṣẹ́ kù sọ́wọ́ ọmọ.

Bàbá mi ló ń fọ ife Ẹgbẹ́ Ọjọ́bọ̀,
èmi ni mò ń nù ún gbẹ.
Mo ti mọ ife ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n
kí ìyàwó rẹ̀ tó mọ̀.

Ìwé ìpàdé ní ọkùnrin méje ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.
Bàbá mi ní irọ́ ni, òjò ni.
Òjò ká wọn mọ́ abẹ́ páànù létí ọ̀sà Ẹpẹ,
ọkọ̀ Èkó kò dé, ilẹ̀ ń ṣú lọ,
Ṣítù onígẹdú àti Ọ̀nàfowókàn ọlọ́kọ̀,
tí wọn kì í kí ara wọn láti ọjọ́ tí ogójì igi ti rì sómi,
tí oníkálukú ní ọrùn ẹnìkejì ni gbèsè wà,
wọ́n jọ jẹ ẹ̀pà nínú ìwé ìròyìn kan náà.
Odùfúwà olóògùn ló ra ẹ̀pà.
Ẹ̀pà kò sí nínú ìwé.

Ohun tó wà níbẹ̀, lọ́wọ́ ìkọ̀wé Múkàílà atẹ̀wé
tó fì síwájú bí ẹni ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀:
Ẹni tó bá pẹ́ dé, ṣílè kan.
Ẹni tó bá dárúkọ gbèsè níwájú ife, ṣílè márùn-ún.
Ará Èkó-Ẹpẹ ni alága lọ́dún yìí,
ará Ìjẹ̀bú-Ẹpẹ ní àmọ́dún.
Obìnrin kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn.

Ó dáa.
Nígbà tí ìjì ká òrùlé lọ sínú ọ̀sà,
ta ló rówó? Sábítíyù tó ni ilé yìnyín.
Ó dúró nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ kan lórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́,
ìkejì nílẹ̀ẹ́lẹ̀,
ó ka igba pọ́n-ùn sí bàbá mi lọ́wọ́,
ó gbà á padà, ó tún un kà.
Ìwé kọ ọ́ báyìí: “Ọ̀rẹ́ ẹgbẹ́ kan yá wa lówó.”
Ọ̀rẹ́ ẹgbẹ́ kan!
Nígbà tí sísan pẹ́, ọ̀rẹ́ ẹgbẹ́ kan dá yìnyín dúró.
Oṣù mẹ́ta gbáko làwọn olówó Ẹpẹ fi mu bíà lílọ́ wọ́ọ́rọ́,
wọ́n ń sọ pé dókítà ló ní kí àwọn máa mu ún bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà ọ̀dà dé.
Mọ́tò ń dé Èkó kí ọkọ̀ tó tú okùn.
Ọ̀nàfowókàn gbé àga rẹ̀ sójú fèrèsé,
ó ń ka ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Mẹ́rin. Méjì.
Nígbà tó yá, lékeléke ló ń kà.
Igi tán nígbó, báǹkì tilẹ̀kùn, Ṣítù kú,
àwọn ọmọ wọn wà l'Ékòó, wọ́n á wá lọ́dún Iléyá.
Odùfúwà ló kọ ìlà tó gbẹ̀yìn:
“Alága nìkan ló wá. Alága pẹ́ dé.
Alága san owó ìtanràn fún alága.”
Bàbá mi wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà,
ó ń fọ ife méje.

Lánàá, Ṣìfáwù wá, ọmọ ọmọ Sábítíyù,
ilẹ̀ wíwọ̀n niṣẹ́ rẹ̀.
Ó ní àwọn mọ́kànlá ń wá yàrá
tí wọ́n á ti máa jókòó bíṣẹ́ bá parí.
Àtẹ̀gùn méjì méjì ló ń gùn.
Ó ṣí ìwé, ó fi ìka tẹ ìlà kan mọ́lẹ̀:
“Ta lèyí?”
Mo sọ orúkọ. Mo fún un ní bírò.
Bírò kò yọ. Ó fi ha etí ìwé,
ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, kò yọ.
A ń tú dúrọ́ọ̀ wò, èmi àti òun,
ilẹ̀ sì ń ṣú, kò síná.